Ara Màmá Kò Gbóná: Àkọsílẹ̀ Òtútù Àyà Kan ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn ọmọ màmá yìí ló fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo sì máa ń bá màmá wo ìfúnpá lóṣooṣù. Ohun tí mo fojú rí ni mo kọ síbí, àti ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n ń kúrò nílé ìwòsàn.

Ọjọ́ orí tó wà nínú fáìlì màmá ni 78. Ìṣirò àwọn ọmọ nìyẹn o, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn. Ẹja ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá ìyá wọn yan ẹja. Nígbà tó yá, àwọn náà ń ra tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja orí ọ̀sà, wọ́n ń yan án, wọ́n ń kó o lọ sí ọjà Olúwo. Wọn ò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n èéfín ààrò tó ti gba imú wọn kọjá láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kì í ṣe kékeré. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n ń lò. Wọn ò ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn, wọ́n sì mọ gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè lọ́jà, wọ́n mọ iye tó jẹ́ àti ọjọ́ tó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, màmá ò jẹ oúnjẹ àárọ̀ wọn tán. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kírun Àsùbáà lásìkò, àmọ́ nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n tún ṣe àlùwàlá, wọ́n tún kí Àsùbáà. Ọmọ-ọmọ wọn bá wọn sọ̀rọ̀, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n fi pè é. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọn ò fara pa, ṣùgbọ́n wọ́n tọ̀ sára, wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di Sátidé, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń wo ògiri. Ikọ́ díẹ̀ wà, tí kò lágbára, bí ẹni tó fẹ́ hú ọ̀fun lásán.

Ilé wá pín sí mẹ́ta. Ìyá Ìbejì, ọmọ wọn obìnrin àgbà, ní àrán ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé màmá ti darúgbó, kí gbogbo ilé fara mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ ní ibà ni jàre, ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ó sì se agbo sí i. Àǹtí kan láti ilé bàbá wọn dé, ó wo màmá títí, ó ní kì í ṣe ojú lásán, pé ṣé a ò rántí ìjà tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà lóṣù tó kọjá. Bùọ̀dá tó ń gbé ní Ìkòròdú, tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, béèrè lórí fóònù:

“Ẹ fọwọ́ kan ọrùn wọn. Ṣé ó gbóná?”

“Kò gbóná rárá, Bùọ̀dá.”

“Ó tán. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.”

Mi ò bá Bùọ̀dá wí, torí bí gbogbo wa ṣe dàgbà nìyẹn. Ọwọ́ ìyá lórí iwájú orí ọmọ ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nílé Yorùbá. Bí ọrùn bá gbóná, àìsàn wà. Bí kò bá gbóná, ẹ lọ ṣeré. Fún ọmọdé, ìwọ̀n yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún ẹni ọdún 78, ó lè pa èèyàn.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n rán ọmọ wá pè mí, pé kí n wá wo ìfúnpá màmá bóyá òun ló ń dà wọ́n láàmú. Mo kí wọn, mo ní, “Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ mọ̀ mí?” Wọ́n wò mí. “Ìwọ…” Wọ́n mí. “Ìwọ ọmọ…” Wọ́n tún mí. Wọn ò rí orúkọ náà mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tí wọn ò rí mú ló dẹ́rù bà mí. Mímí tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni. Ihò imú wọn ń ṣí, ó ń pa dé, ẹran tó wà lókè eegun ọrùn wọn sì ń wọlé bí wọ́n bá ti fa èémí.

Mo di ọwọ́ wọn mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn, mo sì ń wo àyà wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun yóò yí i pa dà. Mo kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. 32. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń mí láàárín ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka fi hàn pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 88 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ kó wà ní 95 sókè. Ọkàn ń lù ní ìgbà 112. Ìfúnpá wọn, tó máa ń ga tẹ́lẹ̀, ti já wá sí 96/58. Tẹmómítà abẹ́ apá sọ pé 36.6.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ rí i pé kò sí ibà,” ni Ìyá Ìbejì wí.

Ìwé tí mo máa ń kọ ìfúnpá màmá sí wà nínú báàgì mi, mo sì máa ń kọ ìgbóná ara sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lóṣooṣù, nígbà tí ara wọn dá ṣáṣá, 35.4 ni, ó lè jẹ́ 35.3, ó lè jẹ́ 35.5. Ara àgbàlagbà sábà máa ń tutù ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àrùn àkóràn ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún àwọn arúgbó sọ pé bí ìgbóná ara bá fi ju 1.1 lọ kọjá ibi tó máa ń wà fún ẹni náà, ibà ni, kódà bí nọ́ńbà náà kò bá tó 37. Láti 35.4 sí 36.6, 1.2 nìyẹn. Ibà wà lára màmá. Ìwọ̀n tiwa ni gbogbo ilé fi ń wọ̀n wọ́n.

Fún òtútù àyà, ìyẹn àkóràn inú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn dókítà ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní CRB-65. Ohun mẹ́rin péré ló ń béèrè, kò sì nílò láàbù: ṣé ọpọlọ aláìsàn dàrú, ṣé ó ń mí ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé ìfúnpá já wálẹ̀ (nọ́ńbà òkè kò tó 90, tàbí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 60 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀), ṣé ó ti tó ọmọ ọdún 65. Ẹni tó bá gba mẹ́ta, ilé ìwòsàn kíákíá. Màmá gba mẹ́rin nínú mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé ìgbóná ara kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ní ká gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Àǹtí ilé bàbá ní kí a kọ́kọ́ dúró de Bùọ̀dá. Ìyá Ìbejì wò mí lójú, ó wo àyà màmá, ó wọlé lọ mú ìborùn wọn. Mọ́tò aládùúgbò la gbé.

Nílé ìwòsàn, ọ́síjìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn kò rí nǹkan kan. Àwòrán àyà fi hàn pé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ti funfun, níbi tó yẹ kó dúdú nítorí afẹ́fẹ́. Òtútù àyà ni. Wọ́n fa dírípù, wọ́n sì fún wọn ní ceftriaxone àti azithromycin, oògùn apakòkòrò méjì tí wọ́n sábà máa ń so pọ̀ fún irú èyí.

Èsì ẹ̀jẹ̀ ló ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Iye sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun tó ń bá àkóràn jà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 9,200, ó sì jẹ́ pé láàárín 4,000 sí 11,000 ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bùọ̀dá, tó ti dé nígbà náà, fi ìka sí nọ́ńbà yẹn lórí ìwé: “Dókítà, èyí ò pọ̀ jù, kò kéré jù. Kí lẹ wá ń tọ́jú?” Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kó ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní neutrophil ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, pé kò tíì gbó. Mùdùnmúdùn eegun ti ń kó àwọn tí kò tíì dàgbà jáde, torí àwọn àgbà inú wọn ti tán lójú ogun. Iye wọn ń parọ́. Ọjọ́ orí wọn ló ń sọ òótọ́.

Bùọ̀dá bá mi jókòó sí ìta ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí n ṣàlàyé fún òun, pé báwo ni òtútù àyà yóò ṣe gba ìdajì ẹ̀dọ̀fóró kan tí ara ò ní gbóná. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, pẹ̀lú àwọn nǹkan díẹ̀ tí àyè ò gbà mí láti sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ibà tí mo ń sọ, ìyẹn ìgbóná ara, kì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò àrùn. Ara fúnra rẹ̀ ló ń dá ibà sílẹ̀. Nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní macrophage, tó ń jẹ ohunkóhun tó bá já síbẹ̀. Bó bá rí kòkòrò tó pọ̀, á jẹ èyí tó lè jẹ, á sì tú kẹ́míkà sínú ẹ̀jẹ̀ láti ké sí àwọn yòókù: IL-1, IL-6, TNF. Kẹ́míkà wọ̀nyí dé ọpọlọ, ọpọlọ sì ṣe kẹ́míkà mìíràn, prostaglandin E2, tó ń sọ fún ibi tí ìgbóná ara ti ń gbàṣẹ pé kó gbé e sókè. Àṣẹ dé awọ ara, òpójẹ̀ ibẹ̀ á fún pọ̀ kí ooru má bàa sá lọ. Àṣẹ dé iṣan, iṣan á gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi máa ń kọ́kọ́ mú wa kí ara tó gbóná. Kẹ́míkà ọpọlọ yẹn náà ni parasítámọ̀ ń dí lọ́wọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó ti gbé parasítámọ̀ mì lè máa ṣàìsàn ńlá tí tẹmómítà ò ní rí i.

Lára àgbàlagbà, gbogbo ojú ọ̀nà yìí ti gbó. Macrophage ò yára ké mọ́. Bó bá ké, ọpọlọ ò yára gbọ́. Bí ọpọlọ bá pàṣẹ, iṣan tó yẹ kó gbọ̀n ti dín kù, òpójẹ̀ awọ ara ò sì fún pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tí àkóràn líle bá mú, bíi méjì sí mẹ́ta ni ibà wọn kì í yọ, tàbí kó yọ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní fura. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ibà wúlò. Ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í lè bí sí i dáadáa nínú ara gbígbóná, sẹ́ẹ̀lì funfun sì máa ń yára sí i nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná ti pàdánù agogo, ó tún pàdánù ohun ìjà.

Neutrophil tí láàbù rí ni àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dé. Mùdùnmúdùn eegun ń ṣe nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 wọn lójúmọ́, wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Ogbó kì í dín iye wọn kù púpọ̀. Ojú ọ̀nà ni wọn ò mọ̀ tọ̀ mọ́. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára wọn Elizabeth Sapey àti Janet Lord, fi hàn pé neutrophil àwọn àgbàlagbà ń yára rìn bíi ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í rìn tààrà sọ́dọ̀ kòkòrò. Wọ́n ń yà kiri. Gbogbo ibi tí neutrophil bá sì gbà, ó ń tú èròjà tó ń jẹ ẹran ara láti lànà. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó ṣìnà, tó tún ń fi àdá gé gbogbo ibi tó gbà. Ẹ̀dọ̀fóró arúgbó ń gbọgbẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò, ó tún ń gbọgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T, tó mọ ọ̀tá kọ̀ọ̀kan lójú. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn eegun àyà, lókè ọkàn, ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́. Thymus lorúkọ rẹ̀. Títí di ọdún 1961, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Jacques Miller, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó sì rí i pé wọn ò lè gbèjà ara wọn mọ́ lọ́wọ́ àkóràn. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé thymus kì í dúró de ogbó. Láti ìgbà èwe ló ti ń sún kì, tí ọ̀rá ń gba ipò rẹ̀. Nígbà téèyàn bá fi pé 70, ọ̀rá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, ìyókù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òfo. Ìwádìí kan láti Massachusetts General Hospital tó jáde ní 2023 wo àwọn àgbà tí wọ́n yọ thymus wọn nígbà iṣẹ́ abẹ àyà. Láàárín ọdún márùn-ún, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú, nígbà tó jẹ́ 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún láìyọ ọ́.

Nítorí náà, arúgbó ní ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T tó rántí àwọn ọ̀tá àtijọ́, àmọ́ àwọn tuntun tó lè kọ́ ọ̀tá tí wọn ò rí rí ti ṣọ̀wọ́n. Ìrántí ara lágbára gan-an o, kì í sì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì T nìkan. Ní 2008, ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 32 tó la àjàkálẹ̀ àrùn fulú ti ọdún 1918 já, tí wọ́n ti wà láàárín ọdún 91 sí 101. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì mọ kòkòrò náà lẹ́yìn 90 ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí kò sí ara ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí, àwọn àgbàlagbà ló mú lọ jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó jọ pé ó tako gbogbo èyí. Ara tí kò lè bínú dáadáa nígbà tó yẹ, ó máa ń bínú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ láìnídìí. Claudio Franceschi, onímọ̀ ará Ítálì, ló fún un lórúkọ ní ọdún 2000: inflammaging. IL-6 tó yẹ kó dìde nígbà ogun nìkan máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ arúgbó ní ìwọ̀n kékeré nígbà gbogbo. Wọ́n so ó mọ́ àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ, àti rírẹ̀ iṣan. Mo rò pé ibi tó ń ṣòro fún àwọn ẹbí jù láti gbà nìyí, torí ohun tí wọ́n ń rò ni pé agbára ara kàn ń dín kù bí omi inú kòlòbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dàrú.

Ti màmá, èéfín tún wà níbẹ̀. Inú ọ̀nà ọ̀fun wa ní irun tíntìntín tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè láìsinmi. Èéfín igi ń rọ ọ́, ogbó sì ń dín agbára ikọ́ kù. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ wọn fi dà bí ẹni ń hú ọ̀fun, tí wọn ò sì rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan há fún láàbù. Ọmọ-ọmọ kan tó wá lo ọlidé láti Ìkòròdú ti ń sọ ikun kiri ilé láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Imú àwọn ọmọdé ni kòkòrò pneumococcus, tó sábà máa ń fa òtútù àyà, fẹ́ràn láti máa gbé, wọ́n sì lè gbé e láìṣàìsàn. Láti òpin 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìkókó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àwọn arúgbó inú ilé sì ń jẹ nínú àǹfààní náà, torí kòkòrò tí kò sí nímú ọmọ kò lè dé àyà ìyá àgbà. Mo béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní kò gba ìkẹta. Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ, mi ò sì sọ ọ́ lójú ìta.

Ti ọpọlọ tó dàrú ńkọ́? Àrán kì í dé láàárín Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé. Oṣù àti ọdún ló fi ń yọ́ wọlé. Èyí tó bá dé lọ́jọ́ kan sí méjì, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ojú ẹni náà mọ́lẹ̀ láàárọ̀ tó sì tún ṣókùnkùn lálẹ́, àìsàn ara ló ń bá ọpọlọ jà: ọ́síjìn tó dín kù, omi ara tó gbẹ, àti àwọn kẹ́míkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Lára arúgbó, òun gan-an ló máa ń ṣáájú ibà, òun àti ìṣubú àti àìlèjẹun. Bí àwọn ẹbí bá lè mú ohun kan dání nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí, ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n mú.

Òru méjì àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn le. Màmá fa ọ̀pá ọ́síjìn yọ, wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́jà. Ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ so wọ́n lọ́wọ́, Ìyá Ìbejì kò gbà, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí síso máa ń mú un burú sí i. Ó sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A lọ mú awò ojú wọn àti tẹ̀sùbáà wọn wá láti ilé. A ń ṣí wíńdò lójú mọmọ, a ń pa iná lálẹ́, a sì ń sọ fún wọn léraléra pé ọjọ́ òní ni báyìí, ibí ni wọ́n wà. Mo mọ̀ pé ó dà bí eré, àmọ́ irú ìtọ́jú tí wọ́n dámọ̀ràn fún orí tó dàrú nìyẹn kí wọ́n tó ronú kan oògùn. Lọ́jọ́ kẹrin, màmá béèrè ẹni tó ń mójú tó ẹja àwọn. Ìyá Ìbejì bú sẹ́kún.

Wọ́n yọ ọ́síjìn nígbà tí 94 dúró láìyẹ̀. Ilé la wá ń bá a jà sí. Àwọn ọmọ gbà pé ẹni tó ń ti àìsàn bọ̀, ògì ni kó máa mu, ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́. Nílé ẹlẹ́ja! Sẹ́ẹ̀lì funfun àti iṣan, purotéènì ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, iṣan ara ẹni tó ti fi ọjọ́ mélòó kan sùn sórí bẹ́ẹ̀dì sì máa ń yára gbẹ lọ́jọ́ ogbó. Mo ní kí wọ́n máa fi ẹja, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín sí i, kí màmá jókòó ṣánṣán nígbà tí wọ́n bá ń jẹun kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà èémí, kí wọ́n sì máa fọ eyín wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, torí kòkòrò ẹnu tó bá bá itọ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú oorun lè dá òtútù àyà mìíràn sílẹ̀. Kí wọ́n rìn yípo àgbàlá, ní díẹ̀díẹ̀. Ní 2018, àwọn ará Birmingham kan náà wo àwọn 125 tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ jìnnà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n wà láàárín ọdún 55 sí 79, wọ́n sì rí i pé thymus wọn ṣì ń kó sẹ́ẹ̀lì T tuntun jáde bíi ti ọ̀dọ́. Màmá ò ní gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń rìn.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára gba àríyànjiyàn. Bùọ̀dá ní bí sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ẹ̀kọ́ bá ti rẹ̀, kí la fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kọ́? Ìbéèrè gidi ni. Abẹ́rẹ́ kì í ta ara àgbà jí bíi ti ọmọdé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àwọn kan lọ́tọ̀: abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn fulú kan wà fún ẹni ọdún 65 sókè tí èròjà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Fún pneumococcus, ìwádìí ńlá kan ní Netherlands tó jáde ní 2015, tó lo nǹkan bí 84,500 èèyàn tó ti tó ọdún 65, rí i pé abẹ́rẹ́ náà dín òtútù àyà tí irú kòkòrò inú rẹ̀ ń fà kù ní 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dín èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ kù ní 75. Kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ó ju òfo lọ fíìfíì. Kò sí nínú èyí tí ìjọba ń fún àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ dá owó jọ, wọ́n san án. Ọmọ tó ń sọ ikun náà gba ìkẹta tirẹ̀.

Nígbà tó tó oṣù mẹ́ta, wọ́n ya àwòrán àyà mìíràn, ìsàlẹ̀ ọ̀tún ti mọ́. Lára ọ̀dọ́, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárẹ̀ ṣì wà lára màmá, wọ́n máa ń sinmi lẹ́yìn Súùrì, wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí wọn pé. Wọ́n ti gba gbèsè méjì tí àwọn kan rò pé wọ́n ti gbàgbé.

Ààrò ló kù. Màmá ò gbà kí wọ́n pa á, wọ́n ní kí la fẹ́ kí àwọn máa ṣe, ṣé kí àwọn jókòó máa ka òrùlé ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá já sí ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń da iná báyìí. Wọ́n gbé ààrò kúrò lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́, màmá sì ń jókòó sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, wọ́n ń pàṣẹ ìgbà tí wọ́n máa yí ẹja. Ìyá Ìbejì ra tẹmómítà, ó sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ Jímọ̀. Ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ 35.5, èémí 18.